Agogo Kẹ̀kẹ́ Tí Mo Gbé Bọ̀ Wá sí Ọ̀kà

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti dé o, ara mi sì le. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ẹ ti ń bi mí bóyá mo rí yìnyín, bóyá mo rí ọba wọn, bóyá lóòótọ́ ni ajá wọn máa ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì. N kò rí yìnyín, n kò sì rí ọba. Ti ajá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo tìtorí rẹ̀ lọ. Ọ̀nà oko ni mo lọ wò, ẹ̀yin tí ẹ bá sì ti ń rò pé orí mi ti dàrú, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn rẹ̀ fún yín.

Ọ̀nà ẹ̀yìn àpáta

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Músá tó ń tẹ̀wé ní Àkùngbá, nítòsí géètì yunifásítì. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, èmi àti àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ọ̀kà lọ sí Ìkàrẹ́. Kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá tí wọ́n ṣe fún orí òkè ni, kì í ṣe irú èyí tí àwọn bàbá wa fi ń gbé ẹmu. A kì í gba títì. Ẹni tó bá mọ bí tírélà ṣe máa ń já wálẹ̀ lórí òkè wa kò ní béèrè ìdí. Ọ̀kan nínú wọn ló gbá Bísí, akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ olórí àwọn ọ̀dọ́ náà, sínú gọ́tà, apá ọmọbìnrin náà sì yẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń gba ọ̀nà àtijọ́ tó gba ẹ̀yìn àpáta, èyí tí àwọn ìyá wa ń ru ẹrù gbà lọ sí ọjà Ìkàrẹ́ kí títì tó dé.

Ọ̀nà yìí la oko Bàbá Jímọ̀ kọjá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bàbá Jímọ̀, ẹ sì mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan ó ránṣẹ́ pè mí sí oko.

"Músá," ó ní, "àwọn ọmọ rẹ ń gba orí mi kọjá. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, màá kọ ebè uṣu sójú ọ̀nà yẹn."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní a ó máa rọra, táyà wa kò ní tẹ nǹkan ọ̀gbìn kankan. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "N kò bá ọ sọ ọ̀rọ̀ táyà." Lójú tèmi, kí ló tún lè jẹ́ bí kì í bá ṣe táyà? Ohun tí mo ń rò ni pé tí ọ̀nà yìí bá dí, àárín tírélà ni Bísí àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń padà sí, ẹ̀rù ìyẹn sì ń bà mí gan-an.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí à ń pè ní Dáúdà, tí a jọ lọ sí ilé-ìwé ní Ìkàrẹ́. Àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbé báyìí, lábúlé. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, ó ní níbi tí òun wà, inú oko olóko ni kẹ̀kẹ́ ń gbà, ẹnikẹ́ni kì í sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní kí n wá fojú ara mi rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo padà lọ bẹ Bàbá kó ní sùúrù títí n ó fi dé.

"Èmi lè dúró dè ọ́," Bàbá dáhùn. "Bá òjò sọ tìrẹ."

Ilẹ̀ tí kò ní òkè

Dáúdà wá pàdé mi ní ibùdókọ̀ ojú irin kékeré kan. Kóòtù tó wọ̀ nípọn débi pé n kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe irú ti ọyẹ́ wa. Ti wa máa ń gbẹ èèyàn lẹ́nu ni, ti wọn ń wọ inú egungun. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ló fi gbà mí lálejò lálẹ́ ọjọ́ náà, mo sì rò pé báyìí ni a ó máa jẹ ẹ́ lọ. Ní ọjọ́ kejì, ànàmọ́ òyìnbó ló sè, pẹ̀lú ẹ̀wà tútù wíníwíní kan báyìí, kò sí ata, kò sí epo. Ìyàwó mi ti fura tẹ́lẹ̀. Ó ti di ata gígún sínú ìgò kékeré kan fún mi, àpò ṣòkòtò mi ni ìgò náà sì ń gbé títí ìrìn-àjò fi parí.

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti kan ìṣòro. Mo jáde síwájú ilé, mo sì ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, bí ẹnikẹ́ni tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe máa ń ṣe. Ọkùnrin kan wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Dáúdà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Músá, ibí kọ́ ni Ọ̀kà o! Bí o bá ń kí gbogbo ayé báyìí, wọ́n á rò pé o fẹ́ ta nǹkan fún wọn ni."

Ó dùn mí, kí n má purọ́. Mo wọlé, n kò sì kí ẹnikẹ́ni mọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá a wọ ilé oúnjẹ kan, mo bi ọmọbìnrin tó ń ta oúnjẹ bóyá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọbẹ̀ wọn. Kò mọ̀ ọ́n. Ó wọ inú kíṣìnì lọ, ó bi ẹni tó sè é, ó padà wá, ó tún rántí ìbéèrè mìíràn, ó tún wọlé lọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí n má jẹ ẹ́, ó sì lọ dín ẹyin fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé inú wọn dára, ẹnu wọn ló wúwo.

Ní ti òkè, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ìgbà tí a kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ jáde, Dáúdà ní kí n múra, òkè ń bẹ níwájú. Mo yí jíà, mo dì í mú. A gun ibì kan tó ga díẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀, mo sì bi í pé ibo ni òkè náà wà. Ó ní a ti gùn ún tán. Ẹ̀yin ará Ọ̀kà, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní òkè yẹn, àwa ìbá sá láfún sórí rẹ̀ ni. Gbogbo ilẹ̀ náà kàn rọra ń wú, ó sì rọra ń wálẹ̀, pẹ̀lú koríko tútù àti àgùntàn tí ẹnikẹ́ni kò so mọ́lẹ̀.

Omi tó ń gun òkè

Àárín àwọn oko náà ni odò kan gbà. Kì í ṣe odò tí Ọlọ́run dá. Àwọn bàbá wọn ló fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ nígbà láéláé, kí wọ́n lè máa fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù kí mọ́tò tó dé. Omi rẹ̀ kì í sáré, àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Etí rẹ̀ ni ọ̀nà tóóró kan wà, níbi tí ẹṣin ti máa ń fi okùn fa ọkọ̀ lákòókò yẹn. Ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ló ń gbà á báyìí.

Mo rí ohun kan níbẹ̀ tí n ó máa sọ fún àwọn ọmọ mi. Ọkọ̀ ojú omi ń gun òkè! Ilẹ̀kùn onígi ńlá wà nínú odò náà, níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ á wọlé sí àárín, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á jẹ́ kí omi wọlé láti òkè, omi á sì rọra gbé ọkọ̀ náà sókè títí yóò fi bá odò apá òkè dọ́gba. Nígbà náà ni wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Mo ní kí Dáúdà jẹ́ ká dúró de ọkọ̀ mìíràn kí n lè tún un wò. Ọkùnrin tó ni ọkọ̀ kejì rí bí mo ṣe lanu sílẹ̀, ó sì pè mí.

"Wá bá mi tì í. Ìdí ni kí o fi tì í, kì í ṣe ọwọ́!"

Mo fi ìdí ti igi gbọọrọ tó wà lára ilẹ̀kùn náà, mo fi ẹsẹ̀ mú ilẹ̀, ilẹ̀kùn ràgàjì yẹn sì gbọ́ tèmi. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an. Inú mi dùn títí di alẹ́.

Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gan-an yà kúrò létí odò wọ inú igbó àti oko. Ibẹ̀ ni ojú ti tì mí. Lórí àpáta wa, táyà máa ń di ilẹ̀ mú, ẹrẹ̀ tiwọn kì í di ẹnikẹ́ni mú. Èmi tí mo ti ń fi òkè wọn ṣe yẹ̀yẹ́ wá ṣubú, mo fi ojú gbá ẹrẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, tí n kò mọ̀ rí, ló dúró. Ọ̀kan gbé kẹ̀kẹ́ mi dìde, òmíràn fún mi ní áńkáṣífì tirẹ̀, kò sì gbà á padà.

Nígbà tí a dé oko olóko, mo la ojú mi dáadáa, nítorí ìyẹn ni mo bá wá. Géètì wà ní ààlà oko kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ á ṣí i, ẹni ìkẹyìn á tì í, àwọn màlúù á sì máa wò wá. Olóko ń bọ̀ lórí katakata rẹ̀. Ó gbé ìka kan sókè lórí ọwọ́ ìwakọ̀. Dáúdà náà gbé ìka kan sókè.

"Ìkíni nìyẹn," Dáúdà ní.

"Ìka kan?"

"Ìka kan ti pọ̀ níbí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń ya fọ́tò géètì lọ. Mo gbà pé mo ti rí oògùn ọ̀rọ̀ Bàbá Jímọ̀. Mo ti ń ro irú igi tí káfíńtà yóò fi kan tiwa.

Ìyá tó wà níwájú mi

Lọ́jọ́ kan tí Dáúdà lọ síbi iṣẹ́, mo dá gba etí odò lọ. Mo rí ìyá arúgbó kan níwájú, irun rẹ̀ funfun báláú, ó ń mú ajá kékeré kan rìn. Ọ̀nà náà há. Omi wà lápá òsì, ọgbà igi ẹlẹ́gùn-ún sì wà lápá ọ̀tún. Dáúdà ti kọ́ mi pé bí mo bá bá èèyàn lọ́nà, kí n tẹ agogo tó wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́, wọn á yà fún mi.

Ẹ gbà mí o. Èmi, ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ọ̀kà, kí n tẹ agogo sí ìyá arúgbó létí pé kó kúrò lọ́nà fún mi? Ọwọ́ mi dé orí agogo náà, ó sì kọ̀. Mo rọra ń gùn ún lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ fẹ́ máa ṣubú nítorí ìrọra náà, mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í. Mo wúkọ́ díẹ̀. Ìyá yára. Èmi náà yára, mo rò pé bóyá ọ̀nà yóò fẹ̀ níwájú. Ó tún yára sí i. Ó ṣe díẹ̀, ó dúró gbọn-in, ó kọjú sí mi, ajá náà sì ń gbó.

"Kí lo ń fẹ́ lọ́wọ́ mi?"

"Ẹ má bínú, Mà. Mo kàn fẹ́ kọjá ni."

"Kí ló dé tí o kò tẹ agogo?"

"N kò lè tẹ agogo sí àgbàlagbà, Mà. Ìwọ̀sí ni nílùú wa."

Ó wò mí, ó wo agogo, ó tún wò mí. Ẹ̀rín wá gbé e, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tó wà níbẹ̀. "Mo rò pé olè ni ọ́," ó ní. "Olè tó ń ti kẹ̀kẹ́!"

Mágárẹ́ẹ̀tì ni orúkọ rẹ̀. Ó ní kí n máa pè é bẹ́ẹ̀ lásán, ẹnu mi kò gbà á, mo ń pè é ní Mọ́mì Mágárẹ́ẹ̀tì, ó sì gbà. Inú ọkọ̀ gígùn kan tí wọ́n so mọ́ etí odò ló ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ní kí n wọlé wá jẹun. Búrẹ́dì yíyan ló fún mi, ó da ẹ̀wà lé e lórí. Ẹ̀wà náà dùn bíi pé wọ́n fi ṣúgà sè é. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀ọ́, mo yọ ìgò ata mi. Òun náà ní òun fẹ́ tọ́ ọ wò. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó mu omi, ó sì tún bu ata náà sí i.

Nígbà tí ata rọlẹ̀, ó padà sórí ọ̀rọ̀ agogo. "Àwọn oníkẹ̀kẹ́ mìíràn máa ń fò kọjá lára mi láìtẹ nǹkan kan," ó ní. "Àwọn yẹn ni mo kórìíra. Bí mo bá gbọ́ agogo, mo mọ̀ pé ẹnì kan ti rí mi. Ọjọ́ mìíràn wà tí agogo yẹn nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó gun orí ọkọ̀ náà. Kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà, ṣùgbọ́n agogo idẹ rẹ̀ ṣì ń dán. Ó tú u, ó ní kí n mú un lọ fún àwọn ọmọ mi nílé. Mo fi ìgò ata sílẹ̀ fún un. Bí mo ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, mo tẹ agogo náà lẹ́ẹ̀kan, Mọ́mì Mágárẹ́ẹ̀tì sì juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé.

Òjò ti rọ̀

Òjò kò dúró dè mí. Ìgbà tí mo dé Ọ̀kà, Bàbá Jímọ̀ ti ń kọ ebè, ebè náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun ojú ọ̀nà. Káfíńtà ní igi géètì kò tíì gbẹ. Ni mo bá sáré wá agogo kékeré fún gbogbo kẹ̀kẹ́ wa, mo so ti idẹ mọ́ tèmi. Mo ṣàlàyé fún àwọn ọ̀dọ́ pé bí wọ́n ṣe ń kọjá lóko olóko nílùú òyìnbó nìyẹn. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa kí Bàbá lè gbọ́.

Ní Sátidé, a já wálẹ̀ láti orí àpáta. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń kọ ebè. Gbogbo wa tẹ agogo sí i lẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá nàró pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. "Ta ni ẹ ń lu agogo fún? Ṣé ewúrẹ́ ni mí, tí ẹ fẹ́ lé kúrò lójú ọ̀nà?"

Èmi tí n kò lè tẹ agogo sí ìyá àjèjì ni mo kó ọmọ ọlọ́mọ jọ wá tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi! Mo ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín ebè. Àwọn tó kù dọ̀bálẹ̀, Bísí kúnlẹ̀ pẹ̀lú akoto lórí.

"Músá, mo sọ fún ọ pé n kò bá ọ sọ ọ̀rọ̀ táyà," Bàbá ní. "Láti ìgbà tí àwọn ọmọ yìí ti ń gba ibí, ta ló kí mi kú uṣẹ́? Ta ló bi mí bí uṣu mi ṣe ń ṣe? Ariwo wọn ni mò ń gbọ́, ẹ̀yìn wọn ni mò ń rí. Kò sí ẹni tó rí mi."

Ọkàn mi padà sínú ọkọ̀ tó wà létí odò yẹn. Ibẹ̀ náà ni mo jókòó sí, mo sì sọ ìtàn Mọ́mì Mágárẹ́ẹ̀tì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo dé ibi tí mo ti ń tẹ̀lé e, Bàbá dá mi dúró.

"O ń tẹ̀ lé e? Nínú igbó?"

"Etí odò ni, Bàbá."

"Ó ṣe ọ́ lóore tí kò ní kí ajá bù ọ́ jẹ." Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo wa sì mí. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá òótọ́ ni pé ìyá náà ń dá gbé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá gbójú sápá ibòmíràn. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, Jímọ̀ sì wà ní Àbújá. "Ìyá yẹn mọ ohun tó ń sọ," ó ní.

Bísí rọra dá sí i. "Bàbá, ẹ má bínú sí wa. Ibi tí ẹ wà yìí la ti máa ń sáré kí a lè gun àpáta tó wà lọ́hùn-ún. Bí a bá dúró, a ò ní lè gùn ún mọ́."

"Ẹ ti kẹ̀kẹ́ yín. Nígbà tí èmi náà ní kẹ̀kẹ́, n kì í gùn ún kọjá lára àgbà. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí i ni, màá sì ti kẹ̀kẹ́ mi gba orí àpáta yẹn pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn rẹ̀."

Bísí wo àpáta náà, ó fọwọ́ pa apá rẹ̀ tó yẹ̀ lọ́jọ́sí. "A ó máa tì í, Bàbá."

Mo ní, bí a bá wá ń tẹ agogo láti orí àpáta tí a ti ń já wálẹ̀, kí a tó yọ sí i, ǹjẹ́ inú rẹ̀ yóò dùn? Yóò mọ̀ pé à ń bọ̀ wá kí òun ni. Ó rò ó.

"Tí ẹ bá ti ibẹ̀ kí mi, kí ni màá fi jẹ́ yín? Ohùn mi ò dé bẹ̀ mọ́."

Mo mú sípánà, mo tú agogo idẹ náà kúrò lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ mi, mo sì so ó mọ́ òpó abà rẹ̀. Bàbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́ ọ títí ó fi dákẹ́, ó sì padà sídìí ebè rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa ọ̀nà, n kò sì láyà láti béèrè.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, a dúró lórí àpáta. Bísí tẹ agogo tirẹ̀. A dúró. Ewé kajú nìkan ni à ń gbọ́. Ó tún un tẹ̀. Nígbà náà ni agogo idẹ dáhùn láti ìsàlẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, ó tún dáhùn, ó sì ń dún lọ láìdáwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n Músá, Bàbá ò mà fẹ́ dákẹ́!" Bísí ń rẹ́rìn-ín.

Ní ààlà oko, gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Ebè uṣu dé etí ọ̀nà lápá ìhín, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀hún. Èyí tó ti kọ sójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀, ó ti tú u ká, ó sì ti fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè le.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá! Ṣé uṣu ti ń hù?"

Bàbá Jímọ̀ dúró níwájú abà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí agogo.

"Ó ń hù," ó ní. "Ẹ máa bọ̀. Mo ti rí yín."